Ta Ló Ni Ìsàlẹ̀ Ọtí Bàbá Àgbà?

"Ọ̀gá, ẹjọ́ ti parí," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó gbé ife kan tó wà nínú ọ̀rá sílẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọdẹ tó pa ẹran wálé. "Nínú ife yìí ni wọ́n ti rí oògùn eku. Ọmọbìnrin náà sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ òun lòun fi gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun."

Obìnrin tó jókòó sí ìdí tábìlì kò tètè gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn olè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó tín-ín-rín, ó mú, kò sì sí ibi tó há tí kì í gbà kọjá. Àwọn ọlọ́pàá gba orúkọ náà lẹ́nu wọn, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ láti ìgbà yẹn.

"Ó ní òun pa á?"

"Ó ní òun gbé ife fún un."

"Sájẹ́ǹtì, ìyàwó ẹ gbé oúnjẹ fún ẹ láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n lọ tì í mọ́lé?"

"Ọ̀gá, oúnjẹ ìyàwó mi ò pa mí."

"Kò tíì pa ẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fa ife náà sọ́dọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀, ó kàn burú létí ni. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ po ọtí fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ó ní ọtí kan tó jẹ́ pé ilé nìkan ló ti ń pò ó, Rọra-mu ló sọ ọ́, àwọn tó tọ́ ọ wò sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olólùfẹ́ àtijọ́. Bàbá Àgbà kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, òun ni gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Màmá náà bí ọmọ méjì: Dáwódù, ọkùnrin, àti Àbíkẹ́yìn, obìnrin, tó kọ́ iṣẹ́ ọtí pípò lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìpíngún, Àbíkẹ́yìn ni bàbá náà fi ilé sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá náà pé ọdún kan tó ti kú. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì rẹ̀: Màmá, Dáwódù, ìyàwó Dáwódù, àti Àbíkẹ́yìn tó po Rọra-mu ní ìrántí rẹ̀. Ife ìkẹyìn ni Dáwódù mu. Wọn ò tíì kó àwo kúrò nílẹ̀ tó fi ṣubú lulẹ̀, kò sì dé ilé ìwòsàn láàyè. Nínú àwọn ife tó ṣáájú, kò sí nǹkan kan. Inú ife ìkẹyìn àti ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì nìkan ni oògùn wà.

Ọ̀gá àgbà ti ní kí wọ́n gbé Àbíkẹ́yìn lọ sílé ẹjọ́ lọ́sàn-án òní. Abẹ́rẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wọ̀n lọ dúró de ìgbẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ewú ló fi ń jáde, bó bá jáde.

"Mú un wá," ló wí. "Kó tó lọ, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ọtí."

* * *

Ojú ọmọbìnrin náà ti wú. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ka àga, tí kì í ṣe pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

"Má sọ fún mi pé o ò pa á," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Gbogbo ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Sọ bí o ṣe ń po ọtí náà fún mi."

"Ọtí kẹ̀, Mà?"

"Rọra-mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Àbíkẹ́yìn wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn lórí tábìlì bíi pé àwọn ìgò náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣáájú ló ń da oyin sí ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì, á kó èèpo ọsàn kíkorò lé e, á fi àwo dé e, á gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná kó sùn síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, á da omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi atalẹ̀ sí i, á máa gba ẹ̀yìn ṣíbí dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má baà da oyin láàmú. Jíìnì ló ń kẹ́yìn.

"O ò ní rò ó pọ̀?"

"Bàbá Àgbà á jí dìde nínú sàárè, Mà. Wọ́n ní ohun téèyàn bá rò pọ̀, kì í ní orí, kì í ní ìdí. Wọ́n fẹ́ kí ẹnu máa pàdé àwọn adùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á máa dà á láti òkè títí yóò fi ku oyin nìkan nísàlẹ̀. Á wá fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣàn án sínú ife ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà."

"Ta ló ni ife ìkẹyìn?"

"Ẹni tó bá pò ó. Òfin wọn nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó sin gbogbo èèyàn kó tó mu, òun ló yẹ kí adùn kù sílẹ̀ fún. Wọn ò fi ìsàlẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ rí, àfi èmi, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pò ó tó bọ́ sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń mu ún." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi bíi tiwọn."

"Lọ́jọ́ Àìkú, ta ló pò ó?"

"Èmi ni."

"Ta ló yẹ kó mu ìsàlẹ̀?"

"Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá mi jà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka ìwé yẹn, mo ní kí n fi bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á, kí ìjà yìí parí.' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà mí létí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní ó dùn."

Ó gbójú lé tábìlì, ó ń sunkún láìpariwo. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu ara rẹ̀ jáde kò yé e. Ó yé Abẹ́rẹ́ yékéyéké, inú rẹ̀ sì dùn bí inú ẹni tó rí ìdí okùn tó lọ́jú pọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ẹlòmíràn ló ń sunkún níwájú òun, ojú sì tì í díẹ̀.

* * *

"Ẹni tó kú kọ́ ni wọ́n fẹ́ pa," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má dà mí lórí rú."

"Inú oyin ni oògùn náà wà. Oyin yẹn ti sùn sójú fèrèsé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó lọ bu oògùn sí i kò lè mọ̀ pé ọmọ yìí máa fi ìsàlẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ kejì. Òfin ilé ló mọ̀. Òfin ilé sì ní ẹni tó pò ó ni yóò mu ún. Ọmọ tí ẹ tì mọ́lé yẹn ni ikú náà ń wá kiri."

Sájẹ́ǹtì yà fún ihò kan lójú títì. "Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bu oògùn sí i, tó wá kúnlẹ̀ ẹ̀tàn ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sílé wọn. Bí ó bá dá mi lójú ni, ilé mi ni ǹ bá lọ sùn sí."

"Ta ló wà nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Àwọn mẹ́rin náà. Gbogbo wọn ló sùn síbẹ̀. Yọ ọmọ yẹn kúrò ná. Ó ku ta ni?"

"Dáwódù fúnra rẹ̀. Òun ló ń jà nítorí ilé."

"Bó bá jẹ́ òun ló bu oògùn sí ìsàlẹ̀, ṣé á gba ìsàlẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, kó tún ní ó dùn?"

Sájẹ́ǹtì mi orí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún là. "Ìyàwó rẹ̀! Ọ̀gá, ilé ìtajà oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ oògùn, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ kí ọkọ òun ní ilé."

"Ìyẹn dára," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo bóyá ó dára tó bẹ́ẹ̀."

* * *

Ìyàwó Dáwódù dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn ní pálọ̀, ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ara rẹ̀ ti funfun. Lókè orí rẹ̀, àwọn ife Bàbá Àgbà tò lórí pákó, wọ́n mọ́ tónítóní, kò sí eruku kan lára wọn.

"Mo mọ ohun tí ẹ bá wá," ni obìnrin náà wí kí wọ́n tó jókòó. "Mo ń ta oògùn, nítorí náà èmi ni mo pa ọkọ mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ n sùn."

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìka yìí ló fà á." Ó na ìka ọwọ́ ọ̀tún. "Mo ní kó jẹ́ n tọ́ díẹ̀ wò. Ó ní rárá, pé láti kékeré lòun ti ń wo ìsàlẹ̀ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni pín in. Mo bá ti ìka bọ etí ife, mo lá a. Gbogbo ohun tó ti dé ẹnu mi láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti pọ̀ jáde. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn, àwọn ló fa omi sí mi lára."

Sájẹ́ǹtì wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò wò ó. Ẹni tó mọ̀ pé ikú wà nínú ife kò ní fìka bọ̀ ọ́ láti lá a, àgàgà ẹni tó ń ta oògùn.

"Ẹ má bínú," ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Nígbà tí àbúrò ọkọ yín gbé ife náà kalẹ̀, ta ló sọ̀rọ̀?"

"Gbogbo wa la sọ̀rọ̀. Inú wa dùn. Ìjà ń parí."

"Gbogbo yín?"

Obìnrin náà ronú. "Inú Màmá ò dùn. Wọ́n ní kí ọkọ mi gbé e padà fún àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní òfin Bàbá Àgbà ni, ẹni tó pò ó ló ni ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba òfin olóògbé jẹ́ lọ́jọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí. Wọ́n tiẹ̀ dìde dúró. Ọkọ mi ní, 'Màmá, ẹ jókòó, àbúrò mi ló fún mi.' Bó ṣe gbé e mu nìyẹn."

"Ṣé Màmá máa ń ka òfin Bàbá Àgbà sí tó bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín gbígbẹ, ó sì di ikùn mú. "Màmá? Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, mi ò rí wọn kí wọ́n fẹnu kan ọtí yẹn. Omi ni wọ́n mu lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Àgbà lójú wọn báyìí, wọ́n á wá iṣẹ́ ṣe ní ilé ìdáná." Ó wo ojú Abẹ́rẹ́, ó sì wo ilẹ̀kùn yàrá Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀."

* * *

Màmá ń ká aṣọ Dáwódù lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ká wọn dáadáa, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na gbogbo ọrùn ẹ̀wù.

"Ṣé ẹ ti gbé e lọ sílé ẹjọ́?" ló béèrè láìwẹ̀yìn.

"Ta ni, Mà?"

"Ẹni tó pa ọmọ mi."

"Ọmọ yín lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn náà."

"Mo bí méjì," ni Màmá wí. "Ọ̀kan kú. Ẹ gbé èkejì lọ."

Abẹ́rẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láìgbàyè. Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Nígbà tí Dáwódù gba ife yẹn, kí lẹ sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ rántí dáadáa."

"Mo ní mi ò sọ nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n."

"Ìyàwó Dáwódù ní ẹ sọ ọ́ títí pé ẹni tó pò ó ló ni ín. Ó ní ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ?"

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀wù.

"Màá sọ ìdí tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ. Ẹ kì í mu ọtí bàbá yín, ẹ kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ jà fún òfin rẹ̀ láyé yín, ọjọ́ tí òfin náà máa pa ọmọ yín obìnrin. Ẹ̀ ń bẹ Dáwódù kó gbé ikú padà fún ẹni tí ẹ ṣe é fún. Kò gbọ́. Ó rò pé òfin lẹ̀ ń sọ."

Màmá jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sí ẹkún nínú ohùn rẹ̀ rárá.

"Gbogbo yín lẹ̀ ń pọ́n bàbá mi lé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tó bá dé, á fọwọ́, á sùn. Ó ti bá àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín tán, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù fún mi. Lọ́jọ́ kan mo tọrọ ìsàlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá mi lẹ́nu. Ó wá darúgbó, ó di oyin fún ọmọ tí mo bí. Ó kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi ni mo ń gbé ìgbẹ́ rẹ̀ dànù nígbà tí kò lè dìde mọ́, òun ló fi ilé fún. Dáwódù nìkan ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi fẹ́ pa Àbíkẹ́yìn."

"Oògùn eku wà nílé. Oyin wà lójú fèrèsé. Mo ní kí oyin tí bàbá mi fi kẹ́ ẹ pa á."

"Ẹ rí ife náà lọ́wọ́ Dáwódù," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Kí ló dé tí ẹ ò gbá a dànù?"

"Mo ní kó gbé e padà."

"Mo gbọ́. Kí ló dé tí ẹ ò gbá a dànù?"

Màmá gbé ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká. "Bí mo bá gbá a dànù," ló wí, "wọ́n á bi mí ní ìdí."

Abẹ́rẹ́ ti jókòó ti àwọn apànìyàn tó ń fọ́nnu àti àwọn tó ń bú Ọlọ́run, kò sì tíì gbọ́ irú èyí rí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí, ó dìde dúró pàápàá, ó ro ti ara rẹ̀, ó sì jókòó padà.

"Sájẹ́ǹtì," ló wí, "mú un. Jẹ́ kó parí aṣọ kíká ná. Kò ní rí aṣọ ẹlòmíràn ká mọ́."

Ìkà ni ọ̀rọ̀ náà, ó mọ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un.

* * *

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n tú Àbíkẹ́yìn sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fúnra rẹ̀ sọ fún un, nínú yàrá kékeré yẹn, torí pé kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó máa bù mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò: ẹni tó bu oògùn sí oyin àti ẹni tí wọ́n bù ú fún.

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. "Bí mo bá ti mu ún fúnra mi," ló wí, "ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà láàyè."

Abẹ́rẹ́ wá irọ́ kan tó dára pa fún un, kò rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló dá a lóhùn.

"Ṣé mo lè rí Màmá?"

Ó yẹ kó kọ̀. Lẹ́yìn náà ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ti ń mú Màmá bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀, ìyá àti ọmọ bá ara wọn ní ojúkojú. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ara rẹ̀ ló mọ̀ pé ìyá òun ló dúró níwájú òun.

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò mu ún?" ló wí.

Ọmọ náà kò dìde. Ó dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa dá àgbà lóhùn, jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Mo fẹ́ kí inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ni, Màmá."